Yíyí Àgbá Pupa Ká

"Ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ ọmọ etíkun yìí, tí ó bá gun káìtì yí àgbá pupa yẹn ká, tí ó sì padà wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ yanrìn, yóò bá àwọn àlejò wa díje lọ́dún tí ń bọ̀. Èmi Alága ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

Bí ó ti wí i gan-an nìyẹn. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Orí pèpéle ni Alága ìgbìmọ̀ ìdíje dúró sí ní ọjọ́ ìparí ìdíje ọdún tó kọjá, ó nawọ́ sí àgbá rọ́bà pupa tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lójú òkun láti fi ṣe àmì ibi tí àwọn olùdíje yóò ti yí padà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó rọrùn láti ṣèlérí ìwẹ̀ odò fún ẹni tí a ti mọ̀ pé kò ní apá: kò sí ọmọ etíkun kan tí ó ní káìtì, Alága sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Káìtì tí mò ń wí kì í ṣe bébà tí àwọn ọmọdé ń fi òwú fò. Aṣọ ni, ó gùn ju yàrá tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sùn lọ, egungun rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà tí a ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so ó mọ́ ìgbànú ẹni tí ń gùn ún. Pátákó kékeré a wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ a fa aṣọ, aṣọ a fa ènìyàn, ènìyàn a sì máa sáré lórí omi bí ẹni tí omi jẹ ní gbèsè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lé afẹ́fẹ́ káàkiri ayé ni. Etíkun tí ó bá ń fẹ́ sí lóṣù yìí ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Bí ó bá dákẹ́, wọn a ká aṣọ wọn, ó di etíkun mìíràn. Ní ibòmíràn, ìdíje ni wọ́n ń bá lọ, pẹ̀lú ife àti àwòrán. Ní ibòmíràn, ìpàdé lásán ni: kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ wá, kí wọ́n jọ gun afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́tíìnì àti aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán, ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá dé, wọn a gbé káìtì tó ya tọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í gbéjẹ́ẹ́, nítorí náà ni gbogbo etíkun ṣe ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìlérí Alága, àlejò kan gbé káìtì tí ó ti ya láti etí dé etí wá, nígbà tí àlejò náà wò ó dáadáa, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jù ú nù. Ẹ̀gbọ́n mi kò jù ú nù. Ó tẹ́ ẹ láti abẹ́ ibùsùn wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ègé káìtì mìíràn lẹ̀ ẹ́, ó ń fi gúlúù dí ojú ìránṣọ, àwa yòókù sì ń fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màámi ní òun kò tíì gbọ́ ilé tí aṣọ ti ń nà gbalaja, tí onílé ń dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún náà kọ́ bí a ti ń gùn ún. Mo rí i tí afẹ́fẹ́ wọ́ ọ lórí yanrìn, mo rí i tí ó fi ojú lu omi. Ó máa ń dìde, yóò tú okùn tó lọ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Òfin tí àwọn àlejò fi ń gbé ìgbé ayé wọn ni ó kọ́kọ́ há sórí. Ẹni tó bá ẹlòmíràn di káìtì mú kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ àfi bí onítọ̀hún bá na àtàǹpàkò sókè. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ojú omi, tó ń fọwọ́ lu orí ara rẹ̀, ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba káìtì òun sílẹ̀, ẹnì kan kì í sì í kọ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: a kì í gun afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ lọ sí òkun. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ mọ àlọ, kò mọ àbọ̀.

Èmi kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní yunifásítì, mo sì gboyè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí oyè náà tíì rí fún mi ni èyí tí ìgbìmọ̀ ìdíje fún mi lọ́dún yìí: kí n di ẹ̀rọ tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ mú, kí n máa sọ ohun tí ó bá wí.

Nígbà tí àwọn àlejò tún dé, mo sin ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ́fíìsì Alága. Amúlétutù ń fọn bí ẹni tó ní òtútù, páálí omi inú ọ̀rá kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga Alága láti ilé ìtajà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ó ń dún nígbàkigbà tí ó bá mí. Ó fi ẹ̀rín gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó béèrè bóyá káìtì ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí tàbí ẹ̀wù alágbe. Ṣùgbọ́n obìnrin àlejò tó gba ife lọ́dún tó kọjá jókòó sí yàrá náà, ẹnì kan sì ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Alága kò lè sọ pé rárá. Ó ní ó dára, kí ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì bá ti jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ní ọ̀sán ni yóò dára jù. Alága ní àwọn àlejò pàtàkì kì í dúró di ọ̀sán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tagbáratagbára, ẹ̀yìn wa ni ó sì ti ń wá. Gbogbo àsíá etíkun kọjú sí òkun. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, mo lọ bá Alága lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí òkun."

"Ṣé ó ń fẹ́ àbí kò fẹ́?"

"Ó ń fẹ́, sà."

"Afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Lọ kéde ẹ̀."

Mo ní ọkọ̀ ojú omi agbanilà kò sí nítòsí, pé ó ti kó àwọn ọmọ àlejò pàtàkì lọ ṣeré lójú omi. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo àga tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa, kó o má gbàgbé."

N kò gbàgbé. Mo gba gbohùngbohùn, mo sì kéde ohun tí wọ́n gbà mí láti kéde: pé afẹ́fẹ́ ń ti ilẹ̀ lọ sí òkun, pé kò sí ọkọ̀ agbanilà. N kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Àwọn àlejò tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ yíjú sí ara wọn. Alága já gbohùngbohùn náà gbà, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

Káìtì rẹ̀ ti kún fún afẹ́fẹ́, ó dojú dé lórí ilẹ̀, yanrìn sì wà lórí rẹ̀ kí ó má baà fò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó wo àsíá, ó wo òkun, ó sì jókòó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alága pè é, ó tún un pè. Atọ́kùn ètò, ẹni tí wọ́n háyà fún àwàdà, ní abẹ́rẹ́ ti bọ́ sínú yanrìn o, kí wọ́n bá òun wá a. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màámi, tó dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà, fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀rín náà yí padà sí atọ́kùn.

Nígbà tó yá, Alága fúnra rẹ̀ fi bàtà aláwọ rẹ̀ gba inú yanrìn wá.

"Ṣé o ò ní gùn ún ni?"

"Màá gùn ún, sà. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni afẹ́fẹ́ yìí lè fún mi. Àlọ àti àbọ̀ lẹ ní kí n ṣe. Màá dúró."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Ó ń bà mí, sà. Màá ṣì dúró."

Ó dúró. Oòrùn gun orí. Àbúrò bàbá wa wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tilẹ̀ wọ omi díẹ̀, kí ojú má baà ti ẹbí. Ó dá a lóhùn pé ojú á tì wọ́n di ọ̀sán. Bí òun bá sì bá afẹ́fẹ́ ilẹ̀ lọ, ẹkún ni wọn ó máa sun títí. Àbúrò bàbá wa dìde, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ní ẹnu. Màámi gbé agbòòrùn wá, ó sì dúró tì í bí òpó. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń wọn afẹ́fẹ́. Bí mo bá ní kí n la ẹnu, ohun tí ìbá jáde kò ní ṣé kó padà, nítorí náà ni mo ṣe tẹ ojú mọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì bọ́ sí ìdí oúnjẹ ọ̀sán, afẹ́fẹ́ kú pátápátá. Àsíá rọ̀. Àwòrán Alága tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́yìn pèpéle ká sínú ara rẹ̀ láti ọrùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tútù kan ti ìhà òkun kàn mí lójú, ó tún kàn mí, òórùn iyọ̀ sì tẹ̀lé e. Àwọn àsíá yí orí wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ.

Ó kù kí ẹnì kan bá a di káìtì mú. Àwọn òṣìṣẹ́ etíkun wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní kí a má bínú, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn. Mo wo ẹ̀rọ ọwọ́ mi. Mo lọ gbé e lé orí tábìlì Alága, sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, mo sì padà wá.

Mo gbá eteetí káìtì náà mú. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lọ́wọ́ mi bí ẹran tó rí ọ̀bẹ. Gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀ wà níwájú mi, búlúù lẹ̀ mọ́ ìyeyè, ìyeyè lẹ̀ mọ́ dúdú, kò sí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kò lẹ̀ nínú yàrá wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìparí okùn lọ́hùn-ún. Ó na àtàǹpàkò sókè. Mo jù ú sílẹ̀.

Kò kọjú sí àgbá náà tààrà; ẹni tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀ níwájú rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé omi lọ sí apá òsì, ó gé e padà sí ọ̀tún, gbogbo ìgbà tí ó bá sì yí padà ni ó ń jìnnà sí wa díẹ̀ sí i. Àwọn àlejò olùdíje fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n jáde wá síbi omi. Ó dé ìdí àgbá. Ibẹ̀ ni káìtì náà ti gbọ̀n, tí ó sì ṣubú sínú òkun.

Màámi súnmọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ń fún un. Orí ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni a ń rí, ìgbì ń bò ó, ìgbì ń ṣí i. Ó fa okùn apá kan. Káìtì náà yí gbá, ó dúró lórí apá rẹ̀ kan, omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ó tún fà á. Ó gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi dìde kúrò nínú omi pẹ̀lú rẹ̀, ó yí àgbá pupa náà ká, ó sì kọjú sí wa.

Bí ó ti ń súnmọ́ etíkun, ó ń fọwọ́ lu orí rẹ̀. Obìnrin àlejò tó gba ife ni ó sáré wọ omi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, tí ó sì gba káìtì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ tààrà sí abẹ́ àtíbàbà, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Alága ń nu ẹnu.

"Àárọ̀ la pè ọ́," ni ó wí.

"Ẹ ò dá àkókò sí i, sà, nígbà tẹ́ ẹ ṣe ìlérí yẹn."

"Èmi ni mo ṣèlérí. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

Kò gbé ohùn sókè. Ó mú ẹ̀rọ ìwọ̀n-afẹ́fẹ́ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó fi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró nítòsí, ó sì béèrè ohun mímu. Obìnrin àlejò náà bá a jiyàn. Alága ní kí n sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé ni, àlejò kì í dá sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí ó ti wí i, kò dín, kò lé.

Obìnrin náà tẹ̀lé wa dé ibi tí a ti ń tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú káìtì. Ó ní ẹnu òun kò tólẹ̀ lórí ìdíje yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá parí, ìpàdé àwọn agunkáìtì ń bẹ ní etíkun kan tí kò jìnnà jù, kò ní alága, kò ní ife, ẹnikẹ́ni tó bá gbé káìtì rẹ̀ wá ni wọ́n ń gbà. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ojú ìránṣọ kan tó là nígbà tí káìtì ṣubú, ó sì ti ń fi èékánná wọn ibi tó là dé.

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ńkọ́?" ni ó bi mí.

Mo ní láti òkun ni, ó sì máa ń fẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

"Nígbà náà, a máa lọ. Bá mi ká okùn yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó lọ́."

Mo bá a ká a. Màámi ní ṣé aṣọ yẹn tún fẹ́ wá sùn sí àárín yàrá lálẹ́ òní ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màámi ní ó dára, òun á lọ sún ibùsùn.

Ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Alága ni ó kí àwọn àlejò káàbọ̀. Kò sí ọmọ etíkun yìí kan nínú àwọn tó díje.