Pátákó Ìjáde

Pátákó náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi lásán ni, wọ́n lu ihò sí i lórí, wọ́n fi okùn dúdú bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nílé ìfọṣọ wa, ẹni tí kò bá mú un dání, aṣọ́nà kò ní ṣí géètì fún un títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi máa parí, ìbáà jẹ́ pé ilé rẹ̀ ló ń jó. Wọ́n ní láyé ijọ́un, àwọn kan máa ń di aṣọ ibùsùn ilé ìtura mọ́kùn, wọ́n á gba géètì kọjá bí aboyún. Látìgbà náà ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ti pàṣẹ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó kan ṣoṣo ló sì máa wà. Ọrùn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́.

Ogún ọdún gbáko ni bàbá mi fi wo ọrùn yẹn.

Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi ń rọbí mi. Aládùúgbò sáré wá sọ fún aṣọ́nà lójú fèrèsé. Bàbá mi lọ bá ọ̀gá ayé ìgbà náà, ọ̀gá ní, "Pátákó ti jáde. Ẹni tó mú un lọ lọ yọ eyín. Dúró." Bàbá mi dúró. Ó ń lọ aṣọ, ó ń wo géètì. Nígbà tó délé, wọ́n ti wẹ̀ mí tán, wọ́n sì ti fi aṣọ bo ìyá mi lójú.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń lé ipò ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ó ní, "Má bú ẹni tó ń wá ipò, ọmọ mi. Bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ní kó dúró."

Nígbà tí ọ̀gá yẹn darúgbó, ẹni méjì ló kù tí ipò kàn: bàbá mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ lílọ̀. Ọ̀rẹ́ yìí máa ń rẹjú díẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò omi gbígbóná tó bá jẹun tán. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bàbá mi lọ sọ fún ẹni tó nilé iṣẹ́. Wọ́n lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n so pátákó mọ́ bàbá mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ náà, ó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó kàn ń sọ pé, "Kò sẹ́ni tó tún máa ní kí n dúró mọ́."

Ó ṣèlérí fún àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Ẹni tó bá ní ìṣòro, kó wá bá mi. Mo mọ bó ṣe ń rí lára." Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tó wá, ó ní orí ń fọ́ òun. Bàbá mi fọwọ́ di okùn ọrùn rẹ̀ mú. "Ó dọ̀la," ló wí. Ẹnì kejì wá, ó dọ̀la. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Ó-dọ̀la. Àǹtí Tẹ́ẹ́rẹ́, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ká aṣọ, ló ń dá wọn lẹ́rìn-ín: "Pátákó ọrùn ọ̀gá wa ti ta gbòǹgbò o. Ẹ jẹ́ ká máa bomi rin ín, bóyá a ó jèso ẹ̀."

Èmi kì í lè dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé ni mo ti bi bàbá mi pé kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè. "Tí mo bá fún ẹnì kan, tí wọ́n sì wá sọ lójú fèrèsé pé nǹkan ṣe ìyá àgbà ńkọ́? Tí nǹkan bá ṣe ìwọ ńkọ́? Kí n tún dúró?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Àǹtí Tẹ́ẹ́rẹ́ di etí aṣọ ibùsùn kan mú, a fẹ́ kó o pọ̀ láàárín, aṣọ́nà ké sí Àǹtí lójú fèrèsé. Gìrì ti gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà nílé, arúgbó tí kò lè dá dìde, ká má tíì sọ pé kó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó sì wá jíṣẹ́ náà ti sáré lọ wá ọkọ rẹ̀, ibi iṣẹ́ ìyẹn sì jìnnà.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi nínú omi ọṣẹ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi."

"Ṣé kò sẹ́lòmíì níbẹ̀?"

"Ìyá arúgbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín."

Ọwọ́ bàbá mi ti wà lára okùn. Òógùn bò ó lójú. "Dúró díẹ̀," ló wí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ta òun fúnra rẹ̀ létí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Gbogbo wa la mọ ohun tójú yín rí."

"Torí ohun tójú mi rí ni mi ò ṣe lè fún ọ."

Àǹtí ń fà á lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, ó ń sunkún, kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí n kì í gbóhùn sókè, mo kàn rí i pé mo ti di ikùn mi mú.

"Bàbá, inú ń run mí. Ó ń gún mi bí ọ̀bẹ."

N kò tíì sọ ọ́ tán tó fi bọ́ okùn náà kọjá orí. "Lọ. Lọ sílé ìwòsàn. Má dúró de ẹnikẹ́ni, ṣé o gbọ́?"

Mo fojú pe Àǹtí Tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn okùn ìsáṣọ, mo fi pátákó náà sí i lọ́wọ́. Ó sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Bàbá mi rí i. Kò nà mí, kò pariwo. "Inú rẹ ńkọ́?" ló bi mí.

"Kò run mí, Bàbá."

Ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù. "Ìwọ wà nínú ilé," ló wí. "Èmi náà wà nínú ilé. Pátákó wà níta." Ó dìde, ó lọ síbi géètì, ó di irin rẹ̀ mú.

"Ṣí i fún mi díẹ̀," ló sọ fún aṣọ́nà.

"Pátákó ńkọ́?"

"Èmi ni ọ̀gá."

"Mo mọ̀ yín, ọ̀gá. Pátákó ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi géètì. Ó ń pe orúkọ ìyá mi, orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ń sọ pé, "Èmi rèé, Bàbá, kò sóhun tó ṣe mí," ṣùgbọ́n kò gbọ́ mi. Iṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó nilé iṣẹ́ ṣe bá wa nírọ̀lẹ́, aṣọ ń rùn nínú omi, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ń mi irin, ọrùn rẹ̀ ṣófo. Àǹtí Tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìsí bàtà, pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ń mí. Wọ́n sọ nílé ìwòsàn pé ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ẹni tó nilé iṣẹ́ wo bàbá mi, ó wo Àǹtí. "Ìwọ tó o mú un jáde tó o sì mú un padà," ló wí, "so ó mọ́rùn."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lé òun. "Ẹ dá mi padà sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, sà. Ẹ dín owó oṣù mi kù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí pátákó wà lọ́wọ́ mi." Ìdí ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Tẹ́ẹ́rẹ́ dì mọ́ mi, ó ní òun ò ní gbàgbé mi láéláé. Kò tíì di ọ̀sán tí obìnrin kan fi wá bá a pé wọ́n ti gbé ọkọ òun wálé láti ibi iṣẹ́, kò lè sọ̀rọ̀. Àǹtí gbé ọwọ́ lọ sọ́rùn. Ó wo fèrèsé aṣọ́nà, fèrèsé tí wọ́n ti pè é lánàá. Mo wá rí i pé kókó méjì ló ta sí okùn náà, ọ̀kan lórí èkejì.

"Ara ọmọ mi ò tíì yá tán," ló wí. "Dúró díẹ̀."

Bàbá mi gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, ó tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Èmi nìkan ni mo di aṣọ ibùsùn mú, etí rẹ̀ kejì ń wọ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé e. Bàbá mi ni. A na aṣọ náà, a rìn pàdé láàárín, ó fi etí tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Inú ò run ẹ́?" ló bi mí jẹ́ẹ́.

"Rárá, Bàbá."

"Tó bá máa run ẹ́, sọ fún mi láàárọ̀. Ká tó wọlé."