Ife Tí Wọ́n Ní Kí N Fo

Èmi ni mo fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí nínú ilé yìí, bí àwo kan bá ti dún, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Lọ́jọ́ yìí, wọn ò purọ́ mọ́ mi. Mo fi tówẹ̀lì wé ife náà bí ọmọ tuntun, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo gbé ọmọ odó sókè, mo sì fún un ní ọ̀kan. Kí n má tàn yín, ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti di abiyamọ ni mo ti ń pariwo pé kí wọ́n rọra mú ife. Ẹnì kan ò bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun fọ́ ọ̀kan.

Ọmọọmọ mi obìnrin ló rán mi níṣẹ́ náà lórí fóònù. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe. Pa-iná ni mo ń pè é, torí láti ọjọ́ tó ti sọ pálọ̀ mi di ibi iṣẹ́ ni kò ti sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju “Màmá, ẹ bá mi pa iná” lọ. Mo wá ń fi ọwọ́ wá bàtà mi kiri bí ẹni ń wá adìyẹ lálẹ́. Ọdún kan gbáko ló fi ń ya fọ́tò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù: orí àti èjìká, orí àti èjìká. Ìgbà tó yá ni ìyá kan tó ń ta ife àti àwo gíláàsì sọ pé kó ya fọ́tò kan fún òun, èyí tí òun máa fi sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù òun. Bí fọ́tò náà bá wù ú, Pa-iná ni yóò máa ya gbogbo ọjà rẹ̀. Bí kò bá wù ú, a tún padà sí orí àti èjìká nìyẹn.

Ife mẹ́ta ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù kó fún un. Méjì kúrú, wọ́n ki pọ́pọ́ bíi tèmi. Ìkẹta ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti lékeléke, ìyá náà sì ní irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun. Ohun tí Pa-iná ń rò ni pé kí àwọn ife tó pé dúró, kí àfọ́kù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí èèyàn lè rí bí gíláàsì ṣe ń tàn nígbà tó pé àti nígbà tó fọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ojú mi ló ṣe wé ìgò kan sínú tówẹ̀lì tó sì fọ́ ọ, àmọ́ àfọ́kù ìgò ò dáa lójú rẹ̀. Ó ní ó rí wúruwùru bí eyín mi. Mo gbà fún un, mo ṣáà ní dígí nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó jáde lọ wá páálí dúdú méjì rà. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún: “Mama, e ba mi fo ife elese gigun to wa lori tabili ki n to de.”

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mo kà á wò. Ṣé kí n fò ó ni? Orúnkún mi ò gba ìyẹn mọ́, ife ì báà kúrú. Ó wá ku fọ̀, ó ku fọ́. Mo wo ife náà, ó mọ́ roro. Mo rántí ìgò àná. Mo ní, áà, ọmọ yìí ti rí àfọ́kù tó wù ú. Ẹnu mi tó ń fi fóònù pe gbogbo ayé, tó ń béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, kò pe ẹnì kan. Ọgbọ́n ti pọ̀ jù lórí mi.

Ó wọlé, ó kí mi, ó rí tówẹ̀lì. Ó tú u. Ẹsẹ̀ lékeléke ti dá sí méjì, àmọ́ orí ife náà pé pérépéré. Ó jókòó sílẹ̀.

“Màmá, ẹ fọ̀ ọ́ ni mo wí. Ipa ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀ látàná tí mo gbé e.”

Mo ní kò fi àmì sí i. Ó ní òótọ́ ni, kò fi àmì sí i. Mo gbà á nímọ̀ràn pé ká fi orí ife náà sẹ́yìn àwọn tó kúrú, ká ya á bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ká sọ òótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín tán. Ó ní ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá náà ń tà.

“Irọ́ ò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, Màmá.”

Ó dìde. Ó ní èyí tó fọ́ ọ̀hún náà ni òun máa yà. Ó ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sẹ́yìn tábìlì, ó gbé iná sẹ́yìn aṣọ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tan iná sí ife lójú. Ó ní téèyàn bá tan iná sí gíláàsì lójú, gílóòbù àti imú ara rẹ̀ ni yóò rí nínú rẹ̀; ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tan án. Ohun dúdú gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì, kí etí ife lè mú dúdú náà, kó fi fa ìlà yí ara rẹ̀ ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun á gbé e mì. Àmọ́ páálí kan ló rí rà. Ó gbé e sí ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo èmi.

“Màmá, kaba dúdú yín dà?”

Mo wọ̀ ọ́. Ó ní kí n dúró lósì, kí n kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, kí n sún mọ́ ọn díẹ̀, kí n tún sún. Ó fi aṣọ tó mọ́ nu ipa ọwọ́ kúrò lára gbogbo wọn, ó gbé ìdajì ẹsẹ̀ tó wà lórí ìdí ife dúró lóun nìkan, ó fi orí rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó da omi díẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó yà á, ó pè mí wá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ìlà dúdú kan wà létí ife, ó tín-ín-rín, ó gún bí ẹni fi gègé fà á. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ìdí mi ni.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé ọjọ́ kan ni ìdí yìí máa há sẹ́nu ọ̀nà. Ká ní ó wà láyé kó rí bó ṣe di ìlà. Nígbà tí mo padà sí àyè mi, ẹ̀rín pa mí, tábìlì mì, omi mì, fọ́tò kejì bàjẹ́. Ó ní kí n má mí. Mo ní òkú ni kì í mí. A yà á lẹ́ẹ̀mẹfà kí omi tó dúró jẹ́ẹ́.

Ó mú èyí tó dáa jù, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ òótọ́ tẹ̀ lé e: ìyá ìyá òun ló fọ́ ife náà, àṣìṣe òun sì ni. A ń dúró. Ó ń gé èékánná tí kò gùn. Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún. Kò kà á sókè, ó nà án sí mi.

“Mo ti ri i. Mo n bo. E ba mi fo meji to ku ki n to de.”

Bó bá jẹ́ fọ̀, ó ń bọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ ní mímọ́ nìyẹn, ó di orí àti èjìká. Bó bá jẹ́ fọ́, fọ́tò náà wù ú, ó tún ń fẹ́ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí a pè é. Ó dún títí, kò gbé e. A tún pè é, kò gbé e. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti wà lórí ìrìn. Ife kúkúrú méjèèjì dúró lórí tábìlì, wọ́n ń wò wá. Mo dìde, mo kọjú sí ilé ìdáná.

“Màmá,” ni Pa-iná wí lẹ́yìn mi, “ẹ má tíì mú ọṣẹ o, ẹ má sì tíì mú ọmọ odó.”