Ẹni Tí A Jọ Di Igbá Mú

"Ṣọlá, gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀! Ṣé orí òkè lo fẹ́ sùn ni?"

Japheth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń pariwo láti orí àpáta. Ọmọ́ṣọlá ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó di gbòǹgbò igi kan mú, ó sì rọra gun ibi tó ń yọ̀ náà. Gbénró ti dúró dè é níwájú, ó na ọwọ́ sí i.

"Máa bọ̀, ìyàwó mi. Ṣé o rí i? Gbogbo Èrúwà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa yìí."

Ọmọ́ṣọlá wo ìsàlẹ̀. Ó rí òrùlé páànù ilé wọn, ó sì dà bíi pé ó ń gbọ́ igbe òbúkọ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ọ̀sàn nínú àgbàlá. Ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò pa á, nígbà tí àwọn ará ilé Gbénró bá ti Lánlátẹ̀ wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Láti ìgbà tí òbúkọ yẹn ti wọ àgbàlá ni Ọmọ́ṣọlá kò ti lè jókòó sójú kan. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò gbé omi kaná, yóò sì gbàgbé láti dá iná.

"Ṣé o fẹ́ ọmọkùnrin yìí àbí o ò fẹ́ ẹ?" ìyá rẹ̀ ti bi í nídìí ààrò.

"Mo fẹ́ wọn, Màmá."

"Kí ló wá ń gún ọ ní ìdí?"

Ọmọ́ṣọlá tún dìde, ó lọ pọn omi. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa ni tẹ́lẹ̀.

Gbénró ló mú ọ̀rọ̀ ìrìn yìí wá. Tíṣà ni òun àti Japheth, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń kọ́ni, wọ́n sì wá lo olidé gígùn nílé. Ó ti rí àwòrán àwọn òyìnbó kan nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n fi olidé gun òkè, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ tóóró kiri lórí adágún omi tó wà láàárín àwọn òkè náà.

"Kí ni wọ́n ní tí àwa kò ní?" Gbénró ti wí. "A ní òkè. A ní odò Ògùn. Ọkọ̀ nìkan ni kò sí."

"Igbá wà," Japheth dá a lóhùn, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀, wọ́n la oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo kọjá títí oòrùn fi mú wọn lórí. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, bàbá àgbàlagbà kan jókòó lábẹ́ igi, ó ń fi oje igi dí ojú igbá. Bàbá Hàlímọ̀ ni. Kí wọ́n tó ṣe afárá, òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ń fi igbá kó èèyàn sọdá. Ní báyìí, àwọn tí oko wọn wà lódìkejì nìkan ló kù tó ń wá a.

"Ta ló lé yín débí, ẹ̀yin ọmọ alákọ̀wé?"

"Olidé ni, Bàbá," Japheth fèsì.

"Olidé! Nígbà tiwa, ẹni tí kò bá níṣẹ́ á lọ sùn. Kì í wá ikú kiri."

Ó gbé igbá náà jáde. Igbá ńlá méjì ni wọ́n dé pọ̀ di ọ̀kan, ó tó ìkòkò aró. Ó gbé e lé omi, ó yíjú sí wọn, kò sì ṣe àwàdà mọ́.

"Ẹ gbọ́ o. Igbá kì í ṣe àga, ẹ ò ní jókòó lé e. Àyà lẹ ó fi lé e. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì, wọn á dojú kọ ara wọn, wọn á di ara wọn lọ́rùn ọwọ́ mú. Èmi á máa lúwẹ̀ẹ́ tì yín lọ. Ẹ má wo omi. Ojú ẹni tí ẹ jọ di igbá mú ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tú ọwọ́, òun kọ́ ló ń rì. Ẹnì kejì ni."

Japheth ló kọ́kọ́ sọdá pẹ̀lú Bàbá. Ó gun bèbè, ó wọ inú igbó lọ láti fún aṣọ rẹ̀. Bàbá gbé igbá padà wá, ó wá kan Ọmọ́ṣọlá àti Gbénró.

Omi náà tutù. Gbénró dì í lọ́wọ́ mú pinpin, ó sì ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọn yóò gbà sí Ìbàdàn, pé yóò ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Ọmọ́ṣọlá ń wo ojú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ara òun balẹ̀, láàárín omi, nígbà tí kò balẹ̀ nínú ilé.

Ìtì igi kan ń bọ̀ láti òkè odò. Kò tilẹ̀ súnmọ́ wọn. Gbénró wò ó, ó wo omi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ tú.

Omi wọ Ọmọ́ṣọlá ní imú. Gbogbo ayé ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fa ìró rẹ̀ ní ìbàdí, orí rẹ̀ sì yọ. Bàbá Hàlímọ̀ ti fi ọwọ́ kan gbá a mú. Lódìkejì igbá, Gbénró ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá igbá mọ́ àyà, ó di ojú.

Bí Bàbá ti tì wọ́n dé bèbè ni Japheth sáré jáde nínú igbó, ó ti gbọ́ ariwo. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àbúrò rẹ ni," Gbénró wí, ó ń mí gúlegúle. "Ó wo omi. Ó tú ọwọ́."

"Ṣọlá! Ṣebí wọ́n ní kó o má wo omi! Olóríkunkun! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Bàbá Hàlímọ̀ la ẹnu, ó wo Ọmọ́ṣọlá, ó tún pa ẹnu dé. Ikọ́ kò jẹ́ kí Ọmọ́ṣọlá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Japheth lọ wá iná ní ahéré kan, Ọmọ́ṣọlá ní, "Bọ̀dá Gbénró, ẹ̀yin lẹ tú ọwọ́."

"Mo mọ̀." Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣé kí n wá sọ ìyẹn fún Japheth, kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri? Bá mi gbà á. Ṣebí ọ̀kan náà ni wá báyìí? Ìyàwó ló ń bo ọkọ láṣọ."

Ọmọ́ṣọlá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀ pàápàá. Kò bínú nítorí ẹ̀rù. Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Ṣùgbọ́n ó dìde, ó rìn lọ síbi omi, ó padà, ó tún lọ. Ẹ̀bi tí òun yóò bá a gbà lónìí nìyí. Mélòó ló kù lẹ́yìn?

Nígbà tó tó àkókò láti padà, Gbénró na ọwọ́ sí i, bó ti ṣe lórí òkè.

"Bàbá," Ọmọ́ṣọlá wí, "ẹ̀yin ni màá dì mú."

Japheth ya ẹnu. "Kí ló dé?"

"Bọ̀dá Gbénró á sọ fún yín."

Ọmọ́ṣọlá fẹ́ kí Gbénró sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá dì mú. Gbénró wo Japheth, ó wo ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rù ló ṣì ń bà á. Ṣé o ò mọ obìnrin ni?"

Ọmọ́ṣọlá wọ inú omi. Bàbá Hàlímọ̀ dì í lọ́rùn ọwọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ojú bàbá náà ló ń wò títí wọ́n fi dé òdìkejì.

"O ò sọ̀rọ̀," bàbá wí.

"Mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni, Bàbá."

Kò dúró de àwọn ọkùnrin náà. Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí òun nìkan dé ilé. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́. "Ẹ kú ìrìn o. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, Màmá."

Ó kọjá lọ sí ìdí igi ọ̀sàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tú okùn lọ́rùn òbúkọ. Òbúkọ náà kò sá. Ó kàn yíjú sí koríko tí okùn kò jẹ́ kó dé láti ọjọ́ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Ṣọlá! Ta ló ní kó o tú u? Ti àwọn àlejò ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ẹ bá mi sọ fún Bàbá wa kí wọ́n ránṣẹ́ sí Lánlátẹ̀, Màmá. Kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ́ṣọlá fa àpótí kan súnmọ́ àpótí ìyá rẹ̀. Ó jókòó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dìde títí tó fi sọ ọ́ tán.