Ọ̀fọ̀ Tí Kò Ṣẹ̀

"Sùn sílẹ̀, jẹ́ kí n bá ẹ tẹ ikùn." Àǹtí Ibinabo gbé ike omi tó ń yọ èéfín kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn, ó sì na táwẹ́ẹ̀lì funfun tó wà léjìká rẹ̀. "Màmá mi sọ pé omi gbígbóná ló máa ń fọ inú mọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kù síbẹ̀, na wàhálà o."

Kíkẹ́ di aṣọ ara rẹ̀ mú gírígírí. Ohun tó ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá ti wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó tún mú táwẹ́ẹ̀lì dání.

Kò sí oyún kankan tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n fà kúrò ní ikùn rẹ̀, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní Iléṣà pé báńkì rán òun lọ gba ẹ̀kọ́ l'Ábújá, ó sì sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé Iléṣà lòun ń lọ. Ẹ wo ọgbọ́n! Ó pa irọ́ náà dáadáa débi pé kò ku ẹyọ ẹnì kan ní Port Harcourt tó lè béèrè bó ṣe jí. Ìgbà tó délé rẹ̀ ní àdúgbò Woji, tí ara wú, tí kò lè nàró, tí omi pupa ń jò láti ojú abẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ló tó mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn.

Àǹtí Ibinabo ló ń gbé ní fúláàtì tó dojú kọ tirẹ̀. Ọmọ Kalabari ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá tó bí i, ó sì ń sọ ọ́ bí píjin tilẹ̀ ti jẹ ẹ́ lápá kan. Ó wá béèrè bóyá omi ń yọ ní ẹ̀rọ Kíkẹ́, ló bá rí i tó tẹ̀, tó fọwọ́ gbá ikùn mú, tí ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ rẹ̀. Ó rọra bi í pé, "Belle yẹn bàjẹ́, àbí?" Kíkẹ́ bú sẹ́kún. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé pẹpẹsúùpù ẹja wá, tó ń bá a fọ aṣọ ibùsùn, tó ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún un pé òun náà ti sin ọmọ rí, ọmọbìnrin tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Ojú ti Kíkẹ́ débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n bó bá sọ òótọ́, ta ni yóò tún kanlẹ̀kùn? Ó jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, omi ti dé. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé ikùn náà ti kú tipiri, kò ní mọ ohun tó gbóná, yóò kàn bó ni.

"Àǹtí, ẹ dúró. Kò sí oyún. Ọ̀rá ni wọ́n fà."

"Ọ̀rá?"

"Mo fẹ́ kí ikùn mi pẹlẹbẹ ni. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní wá mọ́."

Àǹtí Ibinabo wo ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ tèmi fún," ló wí. Ó gbé ike rẹ̀, ó jáde.

Kíkẹ́ jókòó síbẹ̀. Ó rò ó pé ilé ti tún dá, pé òun ló fà á. Lẹ́yìn náà ni ohun mìíràn gún un lọ́kàn: gbogbo bí obìnrin yìí ṣe ń bá òun dárò tó, òun kò béèrè nǹkan kan nípa ọmọ tirẹ̀ rí.

Ó dìde, ó ń fọwọ́ ti ògiri lọ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà òdìkejì. Ó kanlẹ̀kùn.

"Kí lo tún fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí lorúkọ ọmọ yín?"

Kíkẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí ohùn náà tún wá, ó ti sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Tamunotonye."

Kíkẹ́ pe orúkọ náà tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń dùn ún tó, níwájú ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì ṣí.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà."