Igi Tí Mo Pè ní Ìtá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ igi kan. Ẹnu ara mi ni mo fi gé e.

Ilé-ewé ni mo ti ṣiṣẹ́, ní yunifásítì. Ibẹ̀ la ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí. A ó já ẹ̀ka igi, a ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó sá a títí yóò fi gbẹ, a ó wá rán an mọ́ páálí funfun. Nísàlẹ̀ páálí la ń kọ orúkọ igi náà sí, àti ibi tí a ti rí i, àti ọjọ́ tí a já a. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Igi ló kọ́ mi ní ìyókù.

Àwọn igi tí kì í wọ́wé ni wọ́n fi sọ́wọ́ mi. Bí ọyẹ́ bá dé, tí igi yòókù bá dúró ní ìhòòhò, tútù ni àwọn wọ̀nyí máa ń wà. Wọ́n ṣòro láti mọ̀ yàtọ̀. Ewé wọn nípọn, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó kí omi òjò lè tètè ro kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé igi kan náà ni gbogbo wọn. A ó kọ́kọ́ wo ẹ̀ka: ṣé ewé méjì kọjú síra wọn ni, àbí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? A ó fi àdá ṣá èèpo, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó dúró de oje. Ti àwùn funfun bíi wàrà. Ti orógbó ní àwọ̀ ìyeyè. Ìṣin kò ní in rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ju kí a mọ agboolé tí igi ti wá. Bí a kò bá rí òdòdó rẹ̀, a kò lè sọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ògúndèjì, láìsí òdòdó, kò sí orúkọ."

Ọdún 1993 ni mo rí igi tí mò ń sọ. Oko bàbá wa ni ó wà, lẹ́yìn Òkè-Ògbó, níbi tí kòkó parí sí létí odò. Ó tọ́, ó ga, ewé rẹ̀ kọjú síra wọn ní méjì méjì. Mo ṣá a. Oje funfun jáde. Kí n tó nu àdá mi tán, oje náà ti di pupa bí epo.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo padà sí ilé-ewé, mo ṣí páálí kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Kò sí níbẹ̀. Mo gbé ewé rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí n mú òdòdó wá. Ọ̀gá mìíràn dé lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ní kí n mú òdòdó wá. Ọdọọdún ni mo ń lọ, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tanná, kò sì so. Mo wá irú rẹ̀ kiri títí dé igbó Oǹdó. N kò rí ìkejì.

Ní 1998, àwọn onígẹdú wọ oko wa. Wọ́n ti gé ìrókò tán, wọ́n ti gé ọ̀gànwó tán, wọ́n wá ń wo gbogbo igi tó bá ṣáà ti tọ́. Akínkúnlé ni orúkọ olórí wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi náà lára bí ẹni ń gbá ẹṣin.

"Ẹ̀gbọ́n, igi wo rèé?"

"Ìtá."

"Ìtá ló ga tó yìí?"

"Ìtá ni. Inú rẹ̀ sì ti jẹrà."

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó kọjá lọ. Láyé ìgbà náà, wọn kì í la ìtá ní pákó lọ́dọ̀ wa. Kòkòrò máa ń tètè jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, mo gé páànù kékeré, mo fi ìṣó lu ÌTÁ sí i lára, mo kàn án mọ́ igi náà ní ibi tí ojú lè tó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ igi bó ṣe rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo kọ irọ́ nìyẹn. Ó sì ṣiṣẹ́. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò gbé ayùn dé ìdí rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ fún. Raheemah, ọmọ Ìwó, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣá èèpo láì dá igi lóró. Ní báyìí òun ni dókítà tó ń bójú tó ilé-ewé.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni oko."

"Ọ̀rọ̀ tó bá dé agboolé wa ní Ìrẹ́mọ láàárọ̀, onígẹdú á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú."

"Ẹbí yín náà ni ẹ ń bá ṣọ̀tá?"

"Mo ń bá ẹnu wọn ṣọ̀tá ni."

A ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ẹbí wa. Ilẹ̀ oko náà, àjọni ni. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi eléso tàbí igi gẹdú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lẹ́nu àgbà ilé, kí gbogbo ẹbí sì jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdáná kò ní olówó. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló ni ín. Ní báyìí èmi ni àgbà ilé. Mo mọ àṣà náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé igi ìdáná ni ìtá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2024, mo gbé awò awọ̀nàjíjìn mi lọ sí oko. Orúnkún ń dùn mí, mo lọ bẹ́ẹ̀. Mo gbójú sókè. Igi náà ti rudi. Àwọn ìrudi náà kéré bí èso iyèré, wọ́n sùpọ̀ sí ìdí ewé.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe Raheemah lórí fóònù.

Mo ní, "Ó ti rudi."

Mo rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Alhamdulillah." Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun yóò gbé àkàbà àti kámẹ́rà wá bí ó bá kù díẹ̀ kí òdòdó là. A fi í sí ọjọ́ méjìlá.

Ní ọjọ́ kẹfà, Fáníyì wá kí mi ní Ìrẹ́mọ. Ọmọ àbúrò mi tó ti kú ni. Ọmọ dáadáa ni. Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì ní Sábó. Gáàsì ti wọ́n kọjá agbára wọn, wọ́n ti wó ààrò onígáàsì, wọ́n fi amọ̀ mọ òmíràn. Mo mọ èyí. Mo tilẹ̀ ti jẹ nínú búrẹ́dì ààrò tuntun náà.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó bèèrè orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Bàbá, igi gíga tó wà létí odò yẹn, igi wo ni?"

Mo ní, "Ta ló rán ọ?"

"Ta ni ì bá rán mi? Èmi ni mo ń bèèrè."

"Ṣé o kò rí páànù tí mo kàn mọ́ ọn ni? Àbí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ san, ó ṣòfò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí i, Bàbá. Ìtá ló wà níbẹ̀. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ igi. Ṣé ìtá ni lóòótọ́?"

Mo wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí mo rò ni pé àwọn onígẹdú ti rí i, wọ́n sì ti lọ bá ọmọ náà. Mo ní:

"Ìtá ni. Kò wúlò fún pákó."

"Kò wúlò fún pákó," ni ó tún sọ, bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan lé lọ́wọ́. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

Ó bá mi gbé omi wọlé, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Raheemah ní kí a lọ wo ibi tí ó dé. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi láàárọ̀. Láti ojú títì ni a ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wo ojú mi, mo wo ọ̀nà. Nígbà tí a fi dé etí odò, ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀ níbi tí kì í ṣí sí. Igi náà wà nílẹ̀. Najeem agégi ti gé e sí ọ̀nà mẹ́rin. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn dà sílẹ̀ pupa.

Fáníyì sáré pàdé mi. "Bàbá! Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ ò bá má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

Najeem pa ẹ́ńjìnnì. Ó nu ojú. "Bàbá, ìtá tiyín yìí ń ṣẹ̀jẹ̀ o! Ìtá tí mo ti gé láyé mi kò níye, n kò rí èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Mo ní, ọ̀gbẹ́ni, èyí kì í ṣe ìtá."

Fáníyì ní, "Mo sì ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Bàbá tó kọ orúkọ igi fún àwọn òyìnbó! Bí wọ́n bá ní ìtá ni, ìtá ni."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Najeem wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni mo jẹ́?"

Raheemah ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ kan orí rẹ̀."

Orí igi náà wà lójú odò, ìdajì rẹ̀ nínú omi. Àwa méjèèjì wọ inú rẹ̀. Ewé rẹ̀ ṣì tutù. A rí ìrudi náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí èyí tó là. Raheemah kúnlẹ̀, ó fi abẹ la ọ̀kan, ó gbé awò kékeré sójú. Ó la òmíràn. Ó la tó ogún. Ó wá na awò náà sí mi.

Ewé òdòdó mẹ́rin, wọ́n ṣì kì mọ́ra wọn. Láàárín wọn, àwọn fọ́nrán tó ń ru ìyẹ̀fun wà ní ìdì ìdì. Kò sí ilé ọmọ nínú rẹ̀.

"Akọ ni," ni mo wí.

"Akọ ni, Bàbá."

Àwọn igi kan wà bí ìbẹ́pẹ: akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Akọ kì í so. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá èso lábẹ́ igi tí kò lè so láéláé.

Raheemah ní, "Mọ̀lẹ́bí orógbó ni. Ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ti irú tirẹ̀ gan-an, n kò lè sọ. Àwọn ìrudi náà kò tíì dàgbà. Ìyẹ̀fun kò tíì sí lára wọn."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta. Bóyá mẹ́rin."

Fáníyì ti dé ẹ̀yìn wa. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá, ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Kì í ṣe ìtá."

Fáníyì ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ìtá ni."

"Mo parọ́."

"Fún èmi?"

"Fún gbogbo ayé. O wà nínú wọn."

Ó wo àwọn ìtì igi náà. Ó tún wò mí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. "Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo bi yín. Àṣẹ tí wọ́n ní kí a máa gbà lẹ́nu àgbà, mo wá gbà á. Ẹ ì bá kàn ní kí n má gé e. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti sọ ìdí. Ṣé mo kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu rí?"

Kò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí.

Najeem bèèrè láti òkè pé kí ni kí àwọn wá ṣe báyìí. Mo ní kí ó máa gé e lọ. Igi tó ti ṣubú kò ní padà sókè, Mùnírátù sì ní ìyẹ̀fun tó ti pò sílẹ̀. Èmi àti Raheemah já ẹ̀ka títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n gbẹ, a rán wọn mọ́ páálí mẹ́tàdínlógún. A kọ orúkọ ẹbí orógbó sí wọn, a fi ibi tí orúkọ tirẹ̀ yẹ kó wà sílẹ̀ lófìfo.

Raheemah ṣì ń wá abo rẹ̀. Ó ti lọ sí igbó mẹ́rin. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n bá a lọ. Bí ó bá rí i, inú mi yóò dùn, bí mo bá ṣì wà.

Fáníyì ṣì ń wá kí mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Ó ń gbé búrẹ́dì wá. Ó ń bèèrè ara. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó síta láàárọ̀, mo rí i tó ń bọ̀ láti oko, ó di ẹ̀ka igi kan mú. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Láti ibi tí mo jókòó, mo mọ irú igi tó jẹ́. Mo dúró kó bi mí.

Ó ní òun ń kánjú, òun fẹ́ lọ bi Dókítà Raheemah ní yunifásítì kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ó yí ẹ̀ka náà sí apá kejì, ó sì lọ.