Iyọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì Nínú Ìkòkò Kúbúrátù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ sì pe etí yín wálé láti ọjà. Ọ̀rọ̀ owú ni mo gbé wá lónìí: owú tó ń pa aládùúgbò lẹ́rìn-ín, tó korò bí ewúro lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Kúbúrátù ni ìyáálé nílé Mùílì tó ń ta táyà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí àsè kan nílé náà tí kì í ṣe òun ló ń jókòó ìdí ààrò. Kì í sì í tọ́ ọbẹ̀ wò láéláé. Á ní ọwọ́ òun ni òṣùwọ̀n òun. Ayé dùn bẹ́ẹ̀ títí Mùílì fi lọ fẹ́ Marufat wá láti Ọ̀yọ́.

Ọ̀ràn tó bá sú gbogbo ayé ni Marufat máa ń rí ọ̀nà gbé gbà. Kọ́kọ́rọ́ já sí kànga, àwọn ọkùnrin fi ìwọ̀ wá a títí, ó rẹ̀ wọ́n. Marufat tú rédíò tó ti kú, ó yọ òòfà inú rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn, ó jù ú sómi. Kọ́kọ́rọ́ bá a jáde! Gbogbo àdúgbò pariwo, "Ìyàwó Ọ̀yọ́, orí ẹ pé!" Àyà Kúbúrátù ń ta á bí ẹni fi ata pa á. Ó tilẹ̀ yọ́ ju ṣíbí sí kànga, kí òun náà lè fi òòfà yọ ọ́. Ṣíbí ò jáde dòní.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ wòlímọ̀ Saifudeen, àkọ́bí Kúbúrátù, tó ka Kùránì parí, àwọn ará Marufat kún bọ́ọ̀sì wá láti Ọ̀yọ́. Kúbúrátù ní lónìí ni wọ́n máa mọ ẹni tó ni ìdí ààrò. Bí ọbẹ̀ bá sì bàjẹ́, ìyàwó gbà á lọ nìyẹn.

Ọbẹ̀ ń hó. Marufat kúnlẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n fi iyọ̀ sí i?"

Kúbúrátù ò dá a lóhùn. Orin ló mú bọ ẹnu, ó sì gba yàrá lọ wá ìborùn:

"Ó lóun gbọ́n, ó lóun mọ̀,
Òròmọdìẹ ń kọ́ àkùkọ ní kíkọ.
Ilẹ̀ ilé yìí mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbá a,
Ẹ jẹ́ ó máa gbọ́n lọ!"

Marufat rò ó pé ẹni tí kò kọ̀, ó gbà. Ó da iyọ̀ sí i. Ìyàwó kì í sì í tọ́ ọbẹ̀ wò ṣáájú ìyáálé, ló bá lọ fọ abọ́. Kúbúrátù dé, ó bu tiẹ̀, ó dà á sí i.

Ìyá Àgbà, ìyá Mùílì, ló fi ìka tọ́ ọ wò. "Yéè! Ta ló da òkun sínú ìkòkò?"

"Èmi ti fi sí i," ni Marufat wí. "Mo bi wọ́n, wọ́n ń kọrin."

Inú Kúbúrátù kọ́kọ́ dùn. "Ọlọ́gbọ́n, yọ ọ́ jáde ká rí i. Ṣebí o yọ kọ́kọ́rọ́."

"Iyọ̀ ò gbọ́ ti òòfà, ìyáálé mi. Èyí kọjá agbára mi."

Háà, ó dùn mọ́ Kúbúrátù! Àfi ìgbà tó rántí pé ìkòkò òun ni. Bí wọ́n bá bu omi sí i, á di omi ṣan-ṣan. Ata sì ti tán. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ọpọ́n ẹ̀wà bíbó tí Marufat ti rẹ sílẹ̀ fún àkàrà ọjọ́ kejì. Ẹ̀wà tí iyọ̀ ò tíì kàn! Ọgbọ́n dé. Ṣùgbọ́n kó bẹ orogún ńkọ́? Eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun ni.

"Ìyàwó," ló wí, kò wojú rẹ̀. "Jọ̀ọ́, fún mi ní ẹ̀wà ẹ."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀lẹ̀lẹ̀. Iyọ̀ tí kò ṣeé yọ, ẹ jẹ́ á wá oúnjẹ tó máa gbé e mì. Ọbẹ̀ yìí ni iyọ̀ rẹ̀, òun ni ata rẹ̀, òun ni epo rẹ̀."

Marufat lanu. "Ìyáálé mi! Mi ò ronú kàn án láé!"

"Àwọn àlejò ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ bẹ Ààfáà kó fa wáàsí gùn."

"Ààfáà yìí? Ẹ̀bẹ̀ kó dákẹ́ la máa ń bẹ̀ ẹ́ o, Ìyá!" ni Kúbúrátù wí.

Wọ́n sáré lọ ẹ̀wà, wọ́n fi ọbẹ̀ pò ó, wọ́n ṣan ẹran, wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan há inú rẹ̀. Kúbúrátù ń bù ú, Marufat ń fi ewé pọ́n ọn. Pípọ́n rẹ̀ tún wá rẹwà! Kúbúrátù gbójú kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tó jinná, tí wọ́n gbé e lé ìrẹsì funfun, ẹnu ò tún ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Marufat kan láti Ọ̀yọ́ lá ewé rẹ̀ mọ́. "Ta ló se èyí? Ọmọ wa ni, àbí?"

Kúbúrátù na etí.

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá," ni Marufat wí. "Ìyáálé mi ló mọ̀ ọ́n. Èmi kàn pọ́n ewé ni."

Ẹ ò rí i? Owú tún ta Kúbúrátù: ọmọ yìí gbọ́n, ó tún níwà! Ṣùgbọ́n òun náà la ẹnu. "Ẹ̀wà ẹ̀ ni o. Ìyàwó, wá jókòó tì mí, o ò tíì jẹun."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Kúbúrátù, ìwọ lo ṣì ni ìdí ààrò. Àmọ́ bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, máa fi ẹnu dáhùn, má fi orin dáhùn mọ́."

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ gba ilé wọn lọ, wọ́n ń fọwọ́ pa ikùn. Ará Ọ̀yọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ọ̀rá lórí itan oníkálukú. Kò sẹ́ni tí kò yó, àní Kúbúrátù tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó, tó ń jẹ ẹyọ kejì.