Ibi Tí Akọ̀wé Ti Máa Ń Kọsẹ̀

“Ìkọ̀wé yín gún régé, Akọ̀wé,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó dá ìwé rẹ̀ padà sórí tábìlì. “Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìjọba lẹ kọ. Mi ò rí yín nínú ẹ̀.”

Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó yí tábìlì náà ká. Ọtí tàbí oògùn olóró ló kó gbogbo wọn dé yàrá yìí. Wọ́n ní ìwé kíkọ ni yóò bá wọn tú ohun tí ogun dì sí wọn nínú. Òfin kan ló wà: ẹni tó bá mutí lẹ́ẹ̀kẹta kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ fi í sílẹ̀,” ni Sájẹ́ǹtì, àgbà inú wọn, wí. “Bó bá fẹ́ kọ̀wé rán ìyàwó ẹ̀ lọ ra iyọ̀, á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà fáìlì sí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú rẹ̀. Lójú ogun, òun ló máa ń kọ lẹ́tà sí ìdílé àwọn tó kú. Mọ́kànlélógójì ló kọ, ó sì rántí gbogbo wọn. Gbólóhùn kan kì í yí padà nínú wọn: Kò jẹ̀rora. Ọ̀gá wọn ló ní kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

“Nínú àwọn lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lójú ogun, èwo ló ń dùn yín jù?” nọ́ọ̀sì bi í.

Ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ìyá ọ̀rẹ́ náà ń gbé ní òpópónà kejì sí ilé rẹ̀, kò sì mọ̀wé. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ló máa ń ní kí Akọ̀wé wá ka lẹ́tà náà fún òun. Ìgbà méjèèjì tí Akọ̀wé mutí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Òní sì lọjọ́ kìíní oṣù.

Ó fa ìwé mọ́ra, ó ń kọ títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Lọ́sàn-án, Akọ̀wé lọ sílé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá yọ lẹ́tà náà nínú ọ̀rá. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

“O ti rù, ọmọ mi.”

“Àgbà ló ń dé, Mà.”

“Àgbà wo? Kí lèmi wá ń ṣe láyé?”

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ibi “kò jẹ̀rora,” ohùn rẹ̀ há.

“Fò ó,” ni ìyá wí jẹ́jẹ́.

“Ẹ ní kí ni, Mà?”

“Mo ní kó o fo ibẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa ń kọsẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ojú mi ni kò mọ̀wé, etí mi mọ̀ ọ́n.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń ní kí n máa kà á?”

“Ìwọ lo rí ọmọ mi gbẹ̀yìn. Mo ń dúró dè ọ́ ni.”

Akọ̀wé ò lè gbójú sókè. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó sì mọ ohun tí ọ̀fun náà ń bèèrè. Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé tó kọ láàárọ̀ lápò.

“Òmíràn wà níbí, Mà. Kò dùn ún gbọ́.”

Ìyá dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kan ara wọn.

“Rọra kà á,” ó ní. “Má fo nǹkan kan.”